Nígbà Tí Omi Bá Rú: Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Ẹja Adágún Victoria

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí, inú omi ni a ó wọ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ̀ wò nìyí: ọ̀nà mélòó ni ẹ̀yà ẹja kan lè gbà parun kúrò láyé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé kí àwọn apẹja kó o tán ni. Ẹlòmíràn yóò fi èkejì kún un pé kí ẹja tí ó tóbi jù ú lọ jẹ ẹ́ tán. Òótọ́ ni ìdáhùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta kan wà tí kò ní òkú, tí kò ní ẹ̀jẹ̀, tí ẹni tí ó dúró létí omi kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ẹja yóò ṣì wà nínú omi, wọn yóò ṣì máa bímọ, síbẹ̀ ẹ̀yà méjì tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ti di àwátì.

Ọ̀nà kẹta yìí ni a fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀, láti inú iṣẹ́ onímọ̀ ẹja kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ole Seehausen. Ní àwọn ọdún 1990 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Yunifásítì Leiden ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Bern ní Switzerland. Ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí ni omi tí ó fi ṣe ìwádìí náà wà, ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n.

ADÁGÚN NÁÀ ÀTI ÀWỌN ẸJA INÚ RẸ̀

Adágún Victoria ni adágún tí ó fẹ̀ jù lọ ní Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó pín in: Tanzania, Uganda àti Kenya. Fífẹ̀ rẹ̀ lé ní kìlómítà 68,000 níbùú lóròó. Bí a bá kó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkìtì pọ̀ sójú kan, adágún náà ṣì fẹ̀ jù wọ́n lọ. Síbẹ̀ kò jìn púpọ̀: ibi tí ó jìn jù kò ju nǹkan bíi mítà 80 lọ.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò rí i pé adágún náà gbẹ nígbà kan rí, àti pé ó tó nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn tí omi tún padà kún inú rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn sí ìsinsìnyí, ẹ̀yà ẹja kéékèèké tí ó lé ní 500 ni ó jáde nínú rẹ̀, tí a kò sì rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn níbòmíràn láyé. Ẹbí èpìyà tí a ń jẹ nílé wa ni wọ́n. Ní apá Mwanza ní Tanzania, “furu” ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní Uganda, “nkejje” ni orúkọ wọn.

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe pín oúnjẹ láàárín ara wọn. Òmíràn ń ha ewé tí ó lẹ̀ mọ́ ara òkúta jẹ. Òmíràn ń fọ́ ìgbín omi jẹ. Òmíràn ń jẹ kòkòrò, òmíràn ń jẹ ẹja bíi tirẹ̀. Ẹnu ni àwọn abo wọn ń kó ẹyin sí títí ọmọ yóò fi jáde. Nítorí náà, àwọn ẹ̀yà kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa jí ẹyin àti ọmọ gbà lẹ́nu abiyamọ lọ! Eyín àti àgbọ̀n olúkúlùkù ni ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Ìbéèrè: níbo ni onírúurú yìí ti wá láàárín ìgbà kúkúrú bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 2017, Joana Meier àti Seehausen pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìdáhùn kan jáde. Wọ́n yẹ DNA àwọn ẹja náà wò, wọ́n sì rí i pé ìran ẹja méjì tí ó ti pínyà tipẹ́tipẹ́, ọ̀kan láti apá odò Congo, èkejì láti apá òkè odò Náílì, ni ó pàdé tí wọ́n sì dàpọ̀ láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ wọn ní ogún láti ọwọ́ bàbá àti ìyá tí kò jọra. Nígbà tí wọ́n bá ara wọn nínú adágún ńlá tí ààyè pọ̀ nínú rẹ̀, ogún náà tó pín láti fi bẹ̀rẹ̀ oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí a ó padà wá sí ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ láìpẹ́.

ÀLEJÒ TÍ WỌ́N KÓ WỌ ILÉ

Ní àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja ńlá kan láti inú omi mìíràn wá sínú Adágún Victoria. Lates niloticus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. “Sangara” ni wọ́n ń pè é ní Tanzania. Ó lè gùn tó mítà 2, kí ó sì wọn tó kílò 200. Èrò àwọn tí ó kó o wá ni pé furu kéré jù, eegun pọ̀ lára rẹ̀, kò sì mú owó wá. Bí ẹja ńlá bá jẹ wọ́n, wọn yóò di ẹran gidi. Onímọ̀ kan, Geoffrey Fryer, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1960 pé ewu ń bẹ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí. Wọn kò gbọ́.

Fún nǹkan bí ogún ọdún, kò jọ pé ohunkóhun yí padà. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, sangara gbilẹ̀ lójijì káàkiri adágún náà. Furu, tí ó jẹ́ bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ìwọ̀n ẹja ìsàlẹ̀ omi tẹ́lẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú àwọ̀n mọ́. Frans Witte àti ikọ̀ Leiden, tí wọ́n ti wà ní Mwanza láti ìparí àwọn ọdún 1970 tí wọ́n ń ka ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, fojú bù ú pé ó tó 200 ẹ̀yà tí ó pòórá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ẹja sangara kan náà yìí wà nínú Odò Ọya tiwa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sì sọ odò náà di ahoro. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ìdáhùn ni pé àwọn ẹja Odò Ọya ti bá a gbé láti ayébáyé: èyí tí yóò sá ti mọ bí a ti ń sá, èyí tí yóò fara pamọ́ ti mọ ibi ìfarapamọ́ rẹ̀. Àwọn furu Victoria kò rí irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹja náà burú; ibi tí a gbé e sí ni kò yẹ ẹ́.

A sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa èrè rẹ̀ pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1970, gbogbo ẹja tí a ń kó nínú adágún náà lọ́dún kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 100,000 lọ. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1990, ó ti tó 500,000. Ilé iṣẹ́ dìde létí omi, wọ́n ń gé ẹran sangara ránṣẹ́ sí Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rí iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n nìkan ṣe ìṣirò yóò sọ pé adágún náà ti lọ́rọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ka orúkọ yóò sọ pé ó ti tálákà. Ẹja pọ̀, ẹ̀yà dín. Òye ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìṣirò méjì yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò ẹ̀dá.

OJÚ NI ODI TÍ Ó YÀ WỌ́N

Títí di ìgbà náà, sangara nìkan ni ọ̀pọ̀ ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Seehausen ń wo àwọn furu tí ń gbé láàárín àpáta, níbi tí sangara kò ti fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ó sì rí i pé àwọn náà ń dínkù. Kí ló ń ṣe wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀yà méjì nínú wọn ṣe àpẹẹrẹ. Èkínní ni Pundamilia pundamilia, tí akọ rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Èkejì ni Pundamilia nyererei, tí ẹ̀yìn akọ rẹ̀ pupa fòò. “Punda milia” ní èdè Swahili ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ onílà tí ń bẹ nínú igbó, nítorí ìlà ara ẹja náà. Nyererei sì jẹ́ ìrántí Julius Nyerere, ààrẹ Tanzania àkọ́kọ́. Akọ ni ó ní àwọ̀ títàn. Àwọn abo ẹ̀yà méjèèjì kò ní àwọ̀ tí ń dán, wọ́n sì jọra wọn débi pé ènìyàn lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀ nìyí: bí abo búlúù bá bá akọ pupa lò pọ̀, ọmọ wọn yóò yè, yóò sì tún bímọ tirẹ̀. Kò sí ohun kan nínú ara wọn tí ó sọ pé wọn kò lè dàpọ̀. Kí wá ni kò jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá? Ojú ni. Abo ń wo àwọ̀, ó sì ń yan akọ irú tirẹ̀.

Seehausen àti Jacques van Alphen dán èyí wò nínú àpótí omi. Nígbà tí wọ́n tan iná funfun, abo kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ akọ ẹ̀yà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa iná náà dà sí irú èyí tí kò jẹ́ kí a mọ pupa yàtọ̀ sí búlúù, àwọn abo kò yan irú tiwọn mọ́. Ẹja kò yí padà, abo kò yí padà. Ìmọ́lẹ̀ ni ó yí padà.

Ohun tí wọ́n fi iná ṣe nínú àpótí, ọmọ ènìyàn ti fi ẹrẹ̀ ṣe é nínú adágún. Ní etí Adágún Victoria, a gé igbó, a kọ ebè dé etí omi, òjò sì ń gbá ilẹ̀ àti ajílẹ̀ lọ sínú rẹ̀. Ìdọ̀tí ìlú náà ń ṣàn wọlé. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ inú omi, tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, rí ajílẹ̀ yìí jẹ, wọ́n bí sí i, omi sì rú. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ní gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè nínú kò lè wọlé bí ó ti yẹ mọ́. Búlúù ni ó kọ́kọ́ ń pòórá.

Ní 1997, Seehausen, van Alphen àti Witte gbé ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan tí gbogbo ayé mọ̀, tí ń jẹ́ Science. Wọ́n fi hàn pé níbikíbi tí omi bá ti rú jù, ẹ̀yà ẹja dín níbẹ̀, àwọ̀ akọ sì ṣá. Ọ̀nà tí a ń gbà wọn rírú omi rọrùn: a ó so okùn mọ́ àwo funfun kan, a ó rọ̀ ọ́ sínú omi, a ó sì wo ibi tí yóò ti pòórá mọ́ wa lójú. Ní erékùṣù Makobe, ó lé ní mítà 2. Ní Luanso, tí ó wà nínú lọ́hùn-ún apá Mwanza, kò ju bíi ìdajì mítà lọ.

OHUN TÍ ÀBÙDÁ SỌ

Ojú lè tan ènìyàn jẹ. Bí a bá rí ẹja tí àwọ̀ rẹ̀ kò pupa tí kò sì búlúù, báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá àdàlú ni tàbí ó kàn rí bẹ́ẹ̀? Ibí ni ẹ̀kọ́ nípa jíìnì ti wúlò. Jíìnì ni àṣẹ tí ó wà nínú gbogbo ẹ̀dá, tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, tí ó ń sọ bí ara yóò ṣe rí. Inú DNA ni a kọ ọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin péré. Onímọ̀ yóò gé díẹ̀ lára lẹbẹ ẹja, yóò yọ DNA rẹ̀, yóò sì ka àwọn lẹ́tà náà bí a ti ń ka ìwé.

Ní 2008, Seehausen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì jáde nínú ìwé Nature. Ní Makobe níbi tí omi ti tòrò díẹ̀, ẹ̀yà méjì ni ó wà níbẹ̀ gedegbe. Búlúù ń gbé nítòsí òkè omi, pupa ń gbé nísàlẹ̀. Jíìnì kan tí ó wà fún rírí ìmọ́lẹ̀ pupa yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì: ojú ẹja tí ó ń gbé nísàlẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pupa ti pọ̀ ju búlúù lọ, ni ó mọ pupa rí jù. Ojú abo àti aṣọ akọ bá ara wọn mu. Ṣùgbọ́n ní Luanso, níbi tí omi ti rú, kò sí ẹ̀yà méjì mọ́. Agbo ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n bá, tí àwọ̀ wọn wà láàárín pupa àti búlúù, tí jíìnì wọn sì dàpọ̀ mọ́ ara wọn.

Ọ̀nà kẹta tí a sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyí. Kò sí ẹni tí ó pa ẹja kankan. Omi rú, ojú kò ríran, odi wó, ẹ̀yà méjì di ọ̀kan.

Ẹnìkan lè bi wá pé: “Ṣebí ẹ sọ pé ìdàpọ̀ ni ó bí gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí láyé àtijọ́? Kí wá ló dé tí ìdàpọ̀ fi di àdánù lónìí?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìdàpọ̀ ìgbà yẹn kó ogún méjì jọ sínú ibùgbé tí ó tòrò, tí ó fẹ̀, tí iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà sì ṣí fún ìpínyà tuntun. Ìdàpọ̀ ti ìsinsìnyí ń wáyé nítorí pé ibùgbé náà fúnra rẹ̀ ti di ọ̀kan náà káàkiri: omi rírú lókè, omi rírú nísàlẹ̀, kò sì sí ìdí láti yàtọ̀ mọ́. Ti ìṣáájú dà bí ẹni tí ó kó irúgbìn oríṣiríṣi jọ láti gbìn. Ti ìsinsìnyí dà bí ẹni tí ó da irúgbìn rẹ̀ gbogbo sínú àpò kan tí kò sì ní oko mọ́.

KÍ LÓ KÙ?

A kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Láti àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn apẹja ti kó sangara dínkù, àwọn furu kan padà hàn. Ikọ̀ Witte sì rí i pé ara àwọn kan ti yí padà láàárín ogún ọdún péré: ohun tí wọ́n fi ń mí tóbi sí i, nítorí pé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn dín nínú omi náà. Èyí kọ́ wa pé agbo tí ogún jíìnì rẹ̀ ṣì pọ̀ lè rí ohun dì mú nígbà ìnira. Agbo tí ó kéré jù, tí ìbátan ń bá ìbátan bímọ nínú rẹ̀, kì í rí irú rẹ̀.

Ibi ààbò tún wà. Lauren Chapman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Uganda pé inú àbàtà tí koríko gíga bò, níbi tí afẹ́fẹ́ inú omi ti kéré, sangara kì í lè dúró pẹ́, àwọn ẹja kéékèèké a sì máa sá sí ibẹ̀. Bákan náà ni “ngege”, èpìyà ìbílẹ̀ Adágún Victoria tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kó èpìyà àjèjì wọ̀ ọ́, ṣì ń bẹ nínú adágún kékeré kan tí ń jẹ́ Kanyaboli, ní ẹ̀gbẹ́ àbàtà Yala ní Kenya. Ẹ wá rí i pé àbàtà tí àwọn kan ń pè ní ilẹ̀ tí kò wúlò, tí wọ́n fẹ́ fa omi rẹ̀ gbẹ, ni àká tí irúgbìn kù sí.

Àwọn ọgbà ẹja ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù náà ń sin díẹ̀ nínú àwọn furu. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ẹja mélòó ni àpótí omi lè gbà? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi tán lẹ́yìn ẹja, ẹja di èrò ìṣasùn. Bí omi kò bá tòrò, ibo ni a ó dá wọn padà sí?

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkínní: Kí a máa ka orúkọ, kí a má ka ìwọ̀n nìkan. Odò tí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ odò tí ó ti pàdánù púpọ̀.

Èkejì: Kí a má kó ẹja omi kan dà sínú omi mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sin ẹja àrọ̀ sínú kòtò omi, àwọn kan sì ń sin àdàlú àrọ̀ pẹ̀lú Heterobranchus, nítorí pé ó ń tètè tóbi. Kò sí àléébù nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kòtò rẹ̀ wà létí odò, tí àgbàrá òjò sì ń gbé ẹja rẹ̀ lọ, ń da ogún àdàlú sínú agbo àrọ̀ odò tí kò bẹ̀ ẹ́. Kí ó mọ odi yí kòtò rẹ̀ ká, kí ó sì fi àwọ̀n dí ojú ìṣàn rẹ̀ kí òjò tó dé.

Ẹ̀kẹta: Kí a tọ́jú etí omi. Igi àti koríko tí a fi sílẹ̀ létí odò ni asẹ́ tí ń sẹ́ ẹrẹ̀. Ẹni tí ó bá ro oko dé etí omi gan-an ń ti fèrèsé mọ́ àwọn tí ó wà nínú ilé.

Ẹ̀kẹrin: Kí a gbọ́ ìkìlọ̀ onímọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Ọdún 1960 ni Fryer ti kọ̀wé; ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni adágún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé òótọ́ ni ó sọ. Ogún ọdún ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun gbogbo dára.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kí ẹja pọ̀ àti kí ẹ̀yà ẹja pọ̀?
2. Kí ló dé tí sangara kò fi ba Odò Ọya jẹ́ bí ó ti ba Adágún Victoria jẹ́?
3. Ṣàlàyé bí omi rírú ṣe lè sọ ẹ̀yà méjì di ọ̀kan láìpa ẹja kankan.
4. Odò wo ni ó sún mọ́ yín jù? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà apẹja ibẹ̀ orúkọ gbogbo ẹja tí wọ́n ń rí nígbà èwe wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi sàmì sí èyí tí wọn kò rí mọ́. Ẹ mú àkọsílẹ̀ náà wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀.

Kí Ọlọ́hun fi òye yé wa, kí Ó sì jẹ́ kí á lè lo ohun tí a kọ́. Āmīn.